Ǹjẹ́ Mifflin Gibbs Jókòó Rí Nílé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin? Àlàyé lórí Oníṣọ́ọ̀bù Ohun Jíjẹ Kan ní Victoria

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí Mifflin Wistar Gibbs jẹ́ kò ní pẹ́ rárá tí ọ̀rọ̀ náà yóò fi lọ́jú pọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹnì kan yóò sọ fún un pé oníṣọ́ọ̀bù ohun jíjẹ ni Gibbs ní ìlú Victoria, ní Kánádà. Ẹlòmíràn yóò ní adájọ́ ni ní Arkansas, ní Amẹ́ríkà. Ẹnì kẹta yóò ní aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà ní erékùṣù Madagascar ni. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, nítorí ọdún 92 ni ó lò láyé, kò sì fi ìlú kan ṣe ibùjókòó títí láé. Ibi tí àṣìṣe ti máa ń wọlé ni ìgbà tí wọ́n bá pè é ní aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó di olóṣèlú ní British Columbia, ìpínlẹ̀ Kánádà tí Victoria wà, tí ẹni tó ń kà á sì rò pé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ náà ni wọ́n dìbò yàn án sí. Kò jókòó níbẹ̀ rí. Kánsẹ́lọ̀ ìlú ni, ó sì tún ṣe aṣojú ní àpérò kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ ohun tí ó dúró fún. Nígbà tí ilẹ̀ náà fi máa di ìpínlẹ̀, òun ti kó ẹrù rẹ̀ lọ. Láti mọ bí ó ṣe rí bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí a mọ irú ilẹ̀ tí Victoria jẹ́ nígbà náà, kí a sì mọ bí ìyẹ̀fun àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ṣe gbé ọkùnrin náà dé ìdí ìṣèlú.

Ìpele ìjọba mẹ́ta ló wà ní Kánádà lónìí. Ìjọba àpapọ̀ wà ní Ottawa. Ìpínlẹ̀ mẹ́wàá wà, yàtọ̀ sí agbègbè mẹ́ta ti apá àríwá, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àti olórí ìjọba tirẹ̀. Abẹ́ ìpínlẹ̀ ni ìgbìmọ̀ ìlú wà. Ẹni tó bá mọ ìyàtọ̀ tó wà láàrin ìjọba ìbílẹ̀, ti ìpínlẹ̀ àti ti àpapọ̀ ní Nàìjíríà kò lè ṣìnà níbí. Ṣùgbọ́n ní 1858 tí Gibbs gúnlẹ̀ sí Victoria, Kánádà gẹ́gẹ́ bí a ti mọ̀ ọ́n yìí kò tíì sí. Erékùṣù Vancouver, níbi tí Victoria wà, ti jẹ́ kólónì Gẹ̀ẹ́sì láti 1849. Ilẹ̀ tó wà lódìkejì omi di kólónì ọ̀tọ̀ ní 1858 gan-an, nítorí wúrà tí wọ́n rí níbẹ̀. Ní 1866 ni ìjọba ní Lọ́ńdọ̀nù so kólónì méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan. Ọdún kan lẹ́yìn náà ni àwọn kólónì kan tó wà ní apá ìlà-oòrùn para pọ̀ di Kánádà, ó sì di ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 1871 kí British Columbia tó wọ inú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìpínlẹ̀. Bí ẹnì kan bá sọ fún wa pé bàbá ńlá òun jẹ́ aṣòfin Ìpínlẹ̀ Èkó ní 1866, a ó rẹ́rìn-ín ni, nítorí kólónì ọba Gẹ̀ẹ́sì ni Èkó jẹ́ láti 1861, 1967 ni wọ́n sì tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ Gibbs ṣe rí gan-an nìyẹn.

Philadelphia ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin ọdún 1823, sínú ìdílé aláwọ̀ dúdú tí kì í ṣe ẹrú. Àlùfáà Mẹ́tọ́díìsì ni bàbá rẹ̀, ọmọ náà kò sì ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ nígbà tí bàbá kú. Ó kọ́ iṣẹ́ káfíńtà, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá ìwé kà, ó sì wà lára àwọn tó ń ran ẹrú tó sá láti gúúsù lọ́wọ́. Ní 1849 ó bá Frederick Douglass, gbajúgbajà ajìjàgbara aláwọ̀ dúdú, rìn kiri apá ìwọ̀-oòrùn New York, wọ́n ń sọ̀rọ̀ tako ìkónilẹ́rú. Ìròyìn wúrà California ti gba ilẹ̀ kan nígbà náà, òun náà sì wọkọ̀ ojú omi lọ síbẹ̀.

Nígbà tó dé San Francisco ní 1850, iṣẹ́ káfíńtà ló kọ́kọ́ wá, ó sì rí i gbà; àmọ́ àwọn òṣìṣẹ́ aláwọ̀ funfun ní bí òun bá wà níbẹ̀ àwọn yóò da iṣẹ́ sílẹ̀. Gibbs bá lọ jókòó síwájú òtẹ́ẹ̀lì kan, ó ń bá àwọn ènìyàn dán bàtà. Ibẹ̀ ni mo rò pé ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn ìṣòwò rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ó ti kọ́ pé ẹni tí kò bá rí ẹni gbà á síṣẹ́ ní láti wá ohun tí yóò máa tà fúnra rẹ̀. Kò pẹ́ tí òun àti Peter Lester, tí òun náà wá láti Philadelphia, fi ṣí ṣọ́ọ̀bù bàtà àtàtà. Ọjà wọn tà gan-an, wọ́n ń rà níye tí ó pọ̀, wọ́n sì ń tà fún àwọn alátùntà.

Owó wà, ṣùgbọ́n ààbò kò sí. Lọ́jọ́ kan aláwọ̀ funfun kan wọ inú ṣọ́ọ̀bù náà, ó sì lu Lester bí ẹni lu bàrà níṣojú Gibbs. Wọn kò lè pè é lẹ́jọ́ kí ó lójú, nítorí òfin California kò gbà kí aláwọ̀ dúdú jẹ́rìí tako aláwọ̀ funfun ní kóòtù. Ìyẹn ni pé ẹni tó bá fẹ́ jà wọ́n lólè kò ní ju kí ó rí i pé aláwọ̀ funfun mìíràn kò sí nítòsí. Bẹ́ẹ̀ ìjọba kan náà ń gba owó orí lọ́wọ́ wọn. Ní 1857 Gibbs àti Lester kọ̀ láti san án: kí ló dé tí ẹni tí kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò, tí kóòtù kò gbọ́ ẹ̀rí rẹ̀, yóò máa san owó orí? Àwọn agbowó orí kó ọjà wọn lọ láti lù wọ́n ní gbàǹjo. Nígbà tí wọ́n pe gbàǹjo náà, ẹnikẹ́ni kò dá owó lé e, nítorí àwọn kan ti ń rìn láàrin èrò, wọ́n ń bẹ àwọn ènìyàn kí wọ́n má ṣe rà á. Wọ́n dá ọjà padà sí ṣọ́ọ̀bù. Èmi kò rí ohun mìíràn nínú ayé ọkùnrin yìí tó fi hàn tó bẹ́ẹ̀ pé ọjà àti ìṣèlú ti di ohun kan náà lójú rẹ̀.

Ohun mẹ́ta ló ṣẹlẹ̀ tẹ̀lé ara wọn láàrin ọdún kan. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dájọ́ ní 1857, nínú ẹjọ́ Dred Scott, pé aláwọ̀ dúdú kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè náà, yálà ó jẹ́ ẹrú tàbí kò jẹ́. Ní California, wọ́n ń fa ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Archy Lee láti kóòtù dé kóòtù, bóyá kí wọ́n dá a padà sóko ẹrú. Àwọn aṣòfin ibẹ̀ sì gbé àbá òfin kalẹ̀ tí kò ní jẹ́ kí aláwọ̀ dúdú mìíràn wọ ìpínlẹ̀ náà mọ́. Àwọn aláwọ̀ dúdú San Francisco ṣe ìpàdé nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì gbọ́ níbẹ̀ pé gómìnà Erékùṣù Vancouver, James Douglas, fẹ́ kí àwọn àlejò wá tẹ̀dó sí ọ̀dọ̀ òun. Ó yẹ kí a sọ pé Douglas fúnra rẹ̀ kì í ṣe aláwọ̀ funfun pátápátá: Demerara, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Guyana lónìí, ni wọ́n bí i sí, ọmọ Scotland ni bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ obìnrin tó ní ẹ̀jẹ̀ aláwọ̀ dúdú, tí ìdílé rẹ̀ wá láti Barbados. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin ọdún 1858 ni ọkọ̀ Commodore gbé àwọn 35 àkọ́kọ́ dé Victoria láàrin ọgọ́rọ̀ọ̀rún awawúrà. Iye gbogbo àwọn tó tẹ̀lé wọn ni àwọn òpìtàn máa ń fi sáàrin 600 sí 800.

Gibbs dé ní oṣù Kẹfà. Kò gbé ṣọ́bìrì láti lọ wa wúrà. Ó gbé ìyẹ̀fun, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀, kúbùsù, ọkọ́ àti ṣọ́bìrì láti tà fún ẹni tó ń lọ wa wúrà. Gbogbo ọjà náà lọ kíákíá, èrè rẹ̀ sì pọ̀. Ìdí rẹ̀ kò le láti mọ̀. Àwọn ọgọ́rùn-ún mélòó kan ló ń gbé Victoria tẹ́lẹ̀, lábẹ́ ojú Hudson's Bay Company, ilé-iṣẹ́ tó ti ń ra awọ ẹranko ní ilẹ̀ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó sì di gbogbo òwò ibẹ̀ mú. Lójijì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ya wọlé láàrin oṣù díẹ̀, gbogbo wọn ló ń kọjá lọ sí odò Fraser, gbogbo wọn ló sì gbọ́dọ̀ jẹun. Wúrà lè wà nínú ilẹ̀ tàbí kí ó má sí. Ẹni tó ń tà ìyẹ̀fun kò ní láti dúró kí ó rí èsì rẹ̀. Gibbs ra ilẹ̀ àti ilé ní 3,000 dọ́là, kò san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì ránṣẹ́ sí Lester kí ó máa bọ̀. Ṣọ́ọ̀bù Lester àti Gibbs ní Victoria ń ta ohun jíjẹ, bàtà àti ohun èlò. Òun ni wọ́n sábà máa ń kà sí ilé òwò ńlá àkọ́kọ́ ní ìlú náà tí kò sí lọ́wọ́ Hudson's Bay Company.

Níbí ni ọ̀nà ìṣòwò ti já sí ọ̀nà ìṣèlú, ó sì yẹ kí a tú u wò díẹ̀díẹ̀. Ní kólónì náà, kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló lè dìbò: àfi ọkùnrin tó bá ní ilẹ̀ tàbí ilé tí iye rẹ̀ tó ohun tí òfin là sílẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ọjà rẹ̀ tà, tó sì fi èrè rẹ̀ ra ilẹ̀, ti gun àtẹ̀gùn kan. Òfin kò bi í ní àwọ̀ rẹ̀. Ìdíwọ́ kejì ni pé olùdìbò gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ abẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì, àwọn àlejò láti Amẹ́ríkà sì ní láti gbé níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀ kí wọ́n tó lè di bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà fò ìdíwọ́ kejì yìí kọjá ni ó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu jù. Nígbà ìdìbò oṣù Kìíní ọdún 1860, agbẹjọ́rò àgbà kólónì náà, George Hunter Cary, tí òun náà ń du ìjókòó, gbé àlàyé kan kalẹ̀. Ó ní àwọn aláwọ̀ funfun Amẹ́ríkà jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè mìíràn, wọ́n sì gbọ́dọ̀ dúró kí ọdún wọn pé. Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ti sọ nínú ẹjọ́ Dred Scott pé àwọn aláwọ̀ dúdú kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà. Bí wọn kò bá jẹ́ ti orílẹ̀-èdè kankan, ilẹ̀ kankan kò di wọ́n mú. Kí wọ́n kàn búra fún ọba obìnrin, ó parí. Wọ́n búra, wọ́n sì dìbò. Ìdájọ́ tí wọ́n fi rẹ̀ wọ́n sílẹ̀ ní ilé ni wọ́n fi di olùdìbò ní àjò.

Kò sí ẹni tó yẹ kó rò pé ìfẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ló mú Cary ṣe é. Ìbò ló ń wá. Òun àti Selim Franklin, tó ń lu gbàǹjo ní ìlú náà, wà lẹ́yìn gómìnà. Ẹni tó dojú kọ wọ́n ni Amor De Cosmos, oníwèé ìròyìn kan láti Nova Scotia tí orúkọ àbísọ rẹ̀ ń jẹ́ William Smith. Àwọn aláwọ̀ dúdú, tí Gibbs jẹ́ ọ̀kan lára àwọn olórí wọn, kó ìbò wọn jọ fún Cary àti Franklin. De Cosmos fìdí rẹmi, inú sì bí i gidigidi, ó gbà pé àwọn ìbò wọ̀nyẹn ló gba ìjókòó lọ́wọ́ òun. Ẹ fi orúkọ De Cosmos sọ́kàn, nítorí a ó tún pàdé rẹ̀.

Ẹ̀tọ́ láti dìbò kò túmọ̀ sí pé ará ìlú gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Àwọn panápaná ìlú kò gba aláwọ̀ dúdú sí ẹgbẹ́ wọn, ìdí nìyẹn tí àwọn aláwọ̀ dúdú fi dá ẹgbẹ́ ológun ti ara wọn sílẹ̀ ní 1860 láti máa ṣọ́ ìlú, ẹgbẹ́ náà sì ra aṣọ iṣẹ́ àti ìbọn. Síbẹ̀, nígbà tí ìlú fẹ́ dágbére fún gómìnà Douglas, wọn kò jẹ́ kí ẹgbẹ́ náà wọ ìlà. Ní 1861, Gibbs, ìyàwó rẹ̀ Maria Alexander, tó ti kàwé ní Oberlin, kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Amẹ́ríkà, àti ọ̀rẹ́ wọn kan pẹ̀lú ọmọbìnrin rẹ̀ lọ sí eré orin tí wọ́n fi ń kówó jọ fún ilé ìwòsàn. Ẹnì kan da ìyẹ̀fun lé wọn lórí níbi tí wọ́n jókòó sí. Oníṣòwò ìyẹ̀fun ni wọ́n da ìyẹ̀fun lé. Èmi kò lè sọ pé ẹni tó ṣe é ro ìyẹn, ṣùgbọ́n kò sí bí Gibbs kò ṣe ní rò ó.

Ní 1862 ni Victoria gba ìwé àṣẹ láti ní ìgbìmọ̀ ìlú. Alápatà ni olórí ìlú àkọ́kọ́ tí wọ́n yàn, Thomas Harris lorúkọ rẹ̀. Nítorí náà kò sí ohun àjèjì nínú kí ẹni tó ń ta ohun jíjẹ gbé àpótí ìbò. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ wọ́n, ọ̀pọ̀ ló sì jẹ wọ́n ní gbèsè. Gibbs gbé àpótí lọ́dún náà, ìbò díẹ̀ ló sì fi pàdánù. Òun àti Lester pín òwò wọn ní 1864, ó sì kọjú sí ilẹ̀ àti ilé títà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1866, wọ́n dìbò yàn án láti ṣojú wọ́ọ̀dù James Bay nínú ìgbìmọ̀ ìlú, wọ́n sì tún un yàn lẹ́yìn náà. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n dìbò yàn sípò ìjọba ní ilẹ̀ tó di British Columbia.

Kí ni kánsẹ́lọ̀ Victoria ń ṣe nígbà náà? Ọ̀nà, àwọn afárá igi, omi, ìmọ́tótó, àti ju gbogbo rẹ̀ lọ, owó. Wúrà ti ń tán, àwọn ènìyàn ti ń lọ, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ti ti ilẹ̀kùn, ìlú sì jẹ gbèsè. Wọ́n fi Gibbs ṣe alága ìgbìmọ̀ ìnáwó, nígbà mìíràn a sì máa ṣe adelé olórí ìlú bí olórí kò bá sí. Ẹni tó ti ń ka kóbọ̀ láti ìgbà tó ń dán bàtà ni wọ́n fi ìwé ìṣirò ìlú lé lọ́wọ́. Lójú tèmi, ìpinnu yẹn bọ́gbọ́n mu ju ọ̀pọ̀ ohun tí ìlú náà ṣe lọ́dún wọ̀nyẹn. Ṣùgbọ́n kí ó yé wa: agbára rẹ̀ kò kọjá ààlà ìlú. Àwọn tó ń ṣòfin fún kólónì wà nínú ìgbìmọ̀ mìíràn, gómìnà ló sì ń yan èyí tó pọ̀ jù nínú wọn.

Ohun tó tún ń da ọ̀rọ̀ rú ni Àpérò Yale ti oṣù Kẹsàn-án ọdún 1868. Yale yìí kì í ṣe yunifásítì tó wà ní Amẹ́ríkà. Ìlú kékeré kan ni lẹ́bàá odò Fraser, níbi tí ọkọ̀ ojú omi kò ti lè lọ síwájú mọ́, tí àwọn awawúrà sì ń gba ibẹ̀ gun òkè. Aṣojú 26 ló pé jọ síbẹ̀ láti béèrè pé kí kólónì náà wọ Kánádà láìfi falẹ̀, kí ìjọba rẹ̀ sì máa jíhìn fún àwọn tí ará ìlú yàn, dípò gómìnà nìkan. Gibbs lọ gẹ́gẹ́ bí aṣojú Erékùṣù Salt Spring. Ẹlòmíràn yóò béèrè pé, ṣé kì í ṣe Victoria ló ń gbé ni? Victoria ló ń gbé. Ṣùgbọ́n Salt Spring jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí àwọn aláwọ̀ dúdú láti California ti gba ilẹ̀, tí wọ́n sì ń dáko, wọ́n sì mọ̀ ọ́n. Àti pé àpérò kì í ṣe ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin: kò lè ṣòfin, kò sì lè ná owó ìjọba. Ohun tó lè ṣe ni kí ó fi ẹnu kan sọ̀rọ̀, kí ó sì fi àwọn aláṣẹ tí kò fẹ́ kí nǹkan yí padà sínú ìnira. Ẹni tó sì jẹ́ òpómúléró rẹ̀ ni Amor De Cosmos, ẹni tí ìbò àwọn Gibbs lé sẹ́yìn ní ọdún mẹ́jọ ṣáájú. Àwọn méjèèjì jókòó sínú àpérò kan náà, wọ́n sì fọwọ́ sí ohun kan náà.

Ìgbìmọ̀ aṣòfin kólónì kò tètè gbà. Nígbà tí gómìnà Seymour kú ní 1869, tí Anthony Musgrave rọ́pò rẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ láti Lọ́ńdọ̀nù pé kí ó mú ìṣọ̀kan náà ṣẹ, nǹkan yí padà. Àwọn aṣojú lọ sí Ottawa ní 1870, Kánádà gbà láti gbé gbèsè kólónì náà, ó sì ṣe ìlérí rélùwéè tí yóò so ó mọ́ ìlà-oòrùn, èyí tí wọn yóò bẹ̀rẹ̀ láàrin ọdún méjì, tí wọn yóò sì parí láàrin ọdún mẹ́wàá. De Cosmos di olórí ìjọba ìpínlẹ̀ náà ní ọdún 1872.

Níbo ni Gibbs wà? Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1869 ó ti lọ sí Queen Charlotte Islands, tí a ń pè ní Haida Gwaii báyìí, nítorí èédú. Ó ti fi owó sínú ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ wa èédú líle níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì gba iṣẹ́ láti ṣe ojú irin kékeré láti ẹnu kòtò èédú dé etí omi. Ọ̀nà jìn, òjò pọ̀, iṣẹ́ náà sì gba oṣù púpọ̀. Nígbà tí kò sí nílé, ìjókòó rẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ ìlú bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí àìwá sípàdé. Bí ìṣèlú rẹ̀ ní Victoria ṣe parí nìyẹn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣẹ́gun rẹ̀ nínú ìdìbò. Èédú náà kò sì di ọrọ̀ tí wọ́n rò pé yóò dà.

Ogun abẹ́lé ti parí ní Amẹ́ríkà nígbà náà, àtúnṣe ìwé òfin ti fọ́ ìdájọ́ Dred Scott túútúú, àwọn aláwọ̀ dúdú sì ti ń dìbò, wọ́n sì ń wọlé ìbò ní gúúsù. Jonathan, ọmọ ìyá rẹ̀, ti di akọ̀wé ìjọba ìpínlẹ̀ Florida ní 1868. Gibbs náà padà. Ní oṣù mélòó kan kí British Columbia tó wọ Kánádà ní 1871, ó ti tẹ̀dó sí Little Rock ní Arkansas. Ó di lọ́yà ní 1872, ó sì di adájọ́ ìlú ní 1873, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n dìbò yàn sí irú ipò bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn náà ó ṣe iṣẹ́ ìjọba nílé-iṣẹ́ ilẹ̀, Ààrẹ McKinley fi í ṣe aṣojú sí Tamatave ní Madagascar láti 1897 títí di 1901, ó sì dá báǹkì sílẹ̀ ní Little Rock ní 1903, èyí tó wó lulẹ̀ ní 1908. Ó kú ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 1915.

Bí a bá wá kó o jọ sójú kan, ìwé ẹ̀rí tí Gibbs ní ní British Columbia jẹ́ ti kánsẹ́lọ̀ àti ti aṣojú àpérò, àwọn méjèèjì sì wáyé kí ìpínlẹ̀ tó wà. Àwọn tó ń pè é ní aṣòfin ìpínlẹ̀ fẹ́ bu ọlá fún un ni, ṣùgbọ́n wọ́n fi bẹ́ẹ̀ bo ohun tó ṣe gan-an mọ́lẹ̀: ó wà lára àwọn tó béèrè pé kí ilé ìgbìmọ̀ tí ará ìlú yóò máa yàn wà, òun kò sì dúró láti jókòó nínú rẹ̀. Ìlú Victoria fi ọjọ́ 19 oṣù Kọkànlá ọdún 2016 ṣe ọjọ́ ìrántí rẹ̀, láti sàmì sí ọdún 150 tó wọ ìgbìmọ̀ ìlú.

Ní ti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀, ó di oṣù Kẹjọ ọdún 1972 kí aláwọ̀ dúdú tó wọlé ìbò síbẹ̀, ọdún 101 lẹ́yìn tí British Columbia di ìpínlẹ̀. Àwọn méjì ló wọlé lọ́jọ́ kan náà, Emery Barnes àti Rosemary Brown, ìlú Vancouver ni wọ́n sì ṣojú fún. Ilé tí wọ́n lọ jókòó sí wà ní Victoria, létí omi, ní àdúgbò James Bay.